Ajá Tó Mọ Irọ́ Télọ̀

Wọ́n ní ajá Bùrọ̀dá Bọ́lárìnwá gbọ́ èdè mẹ́rin. Wọ́n ní ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbọ́ Faransé bí akọ̀wé ìjọba, ó gbọ́ píjìn bí awakọ̀, ó sì ń gbọ́ èdè Dúálà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn kìkì èyí tó bá kan ẹja. Obìnrin kan ní Ndokoti, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, búra fún mi, láìmọ̀ pé ilé kan náà lèmi àti ajá yìí ń gbé, pé lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí pásítọ̀ ìjọ wa ṣi ẹsẹ̀ Bíbélì kan kà, ajá náà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà títí pásítọ̀ fi padà sẹ́yìn tó sì tún un kà. Ọkùnrin kan tó dúró tì í ní irọ́ ni, pé kì í ṣe ikọ́. Ó ní ajá náà la ẹnu ni, ó ní, "Pardon, pásítọ̀."

Mi ò bá wọn jiyàn. Bí mo bá fẹ́ bá wọn jiyàn, mo ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé Faransé tó wà nínú ìròyìn yẹn, èmi ni mo bù ú sí i bí iyọ̀. Alhaji Mùktárù, tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá, ló bi mí lọ́jọ́ kan bóyá òótọ́ ni pé ajá náà gbọ́ Yorùbá. Mo ní Yorùbá ṣì ń le fún un díẹ̀, pé ilé òyìnbó ni wọ́n bí i sí, Faransé ni wọ́n fi tọ́ ọ. Kí n tó délé lọ́jọ́ yẹn, ìròyìn náà ti dé Logbaba, níbi tí à ń gbé, ṣáájú mi, ó ti jẹun, ó ti na ẹsẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ni Bùrọ̀dá Bọ́lárìnwá, òun ló sì mú mi wá sí Douala kí n wá máa kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, kí n sì máa dáná. Òun fúnra rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1961. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ láti Kàlàbá dé Tíkò, èbúté tó sún mọ́ Douala, ó sì máa ń sọ pé nínú ọkọ̀ yẹn, òun bì títí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi oúnjẹ tí òun kò tíì jẹ. Ẹrù rẹ̀ kò ju orí máṣíìnì ìránṣọ kan lọ, èyí tó fi ìró ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ sì gùn débi pé tó bá fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọ, ẹ ó rò pé okùn ni wọ́n sá sórí òpó iná. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, àga ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ayé ṣòkòtò bóńgò dé, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bá ṣe fẹ̀ tó ni iyì ṣe ń pọ̀ tó, ti Bùrọ̀dá ni àwọn ọmọkùnrin Ndokoti ń wọ̀, tí wọ́n ń fi gbá títì kiri láìgbowó lọ́wọ́ ìjọba. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní, àbùkù náà kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti gbogbo télọ̀ ni, láti ìgbà tí Ádámù ti gán ewé ọ̀pọ̀tọ́ pọ̀. Kò lè wo ojú oníbàárà kó sọ pé aṣọ kò tíì parí. "Ọ̀la" ló ń sọ fún Yorùbá, "demain" fún ará Dúálà, "tumọ́rọ̀" fún ará Bàméńdà. Mo ti bá a ka ọ̀la kan rí tó gùn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún.

Ọdún 1969 ni ajá dé. Kúùkù kan tó ń dáná fún òyìnbó ní Bonanjo ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù nínú agbọ̀n àlùbọ́sà. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ń padà sí ìlú wọn, wọ́n ti kó ìyá ajá àti àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù dání, èyí nìkan ni wọn ò mú. Ó funfun báláú láti imú dé ìrù. Ojú rẹ̀ kan dúdú, ìkejì sì ní àwọ̀ aró tí wọ́n ti fọ̀ jù. Ó wo Bùrọ̀dá láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ fún un. Bùrọ̀dá ní kó máa gbé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè wo ojú aládùúgbò kí á sọ, ajá ni a fi í sọ lórúkọ, a ó wá máa pe ajá láàárọ̀, a ó máa pè é lálẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́. Ní àkókò yẹn, Bùrọ̀dá ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì láìgbéyàwó, àwọn ìyá ìjọ kò sì jẹ́ kó sinmi. Bó bá kí wọn, wọ́n á ní ìyàwó ńkọ́. Bó bá kọrin dáadáa, wọ́n á ní ìyàwó ni ì bá máa gbọ́ irú ohùn yìí nílé. Ó sọ ajá rẹ̀ ní Kòkànyín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sí àárín agboolé wa ní Logbaba, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ akọrin yẹn pè é: "Kòkànyín! Kòkànyín o!" Gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ló gbọ́. Ìyàwó Alhaji Mùktárù, tó jẹ́ pé ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa, ra ewúrẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó sọ ọ́ ní Ókànwá.

Ewúrẹ́ máa ń sáré wá tí wọ́n bá pè é. Ajá kì í wá. A ó pè é títí, kò ní mira, àfi tí Bùrọ̀dá bá yọjú sí i, ìgbà náà ni yóò tó fò dìde, tí yóò sì máa bọ̀ bí ọfà. Mo máa ń fi ṣe Bùrọ̀dá ní yẹ̀yẹ́ pé ewúrẹ́ Mùsùlùmí ní ẹ̀kọ́ ilé ju ajá onígbàgbọ́ lọ. Á ní, "Mojí, ajá tó ní làákàyè kì í sáré tẹ̀lé ariwo."

Làákàyè náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí Bùrọ̀dá bá kàn ń rò ó nínú pé òun fẹ́ jáde, kó tó nawọ́ mú fìlà, ajá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, kó tó mí kanlẹ̀, ajá ti jókòó lé bàtà rẹ̀ méjèèjì, kó má baà gbé ìbànújẹ́ yẹn lọ sí ibì kankan. Tí a bá jẹun tán, Bùrọ̀dá á fa àga síta, á máa ro ọjọ́ rẹ̀ fún un: ẹni tó wá, ẹni tó bú u, abẹ́rẹ́ tó kán. Ajá á tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Bùrọ̀dá ní nínú gbogbo Douala, Kòkànyín nìkan ló máa ń jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ òun tán. Ẹni tó ń bá wí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni.

Ṣùgbọ́n irọ́ ló sọ ajá náà di olókìkí. Alhaji Mùktárù ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá béèrè bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí imú ajá má baà kàn án kó sì ba àlùwàlá rẹ̀ jẹ́. Bùrọ̀dá ní ó ku bọ́tìnnì nìkan, ọ̀la ni yóò gbà á. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ajá dìde níbi tó sùn sí, ó rọra rìn lọ sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó kọjú sí ògiri. Alhaji wo ajá, ó wo Bùrọ̀dá. Ó tún béèrè. Bùrọ̀dá tún ní ọ̀la. Ajá tún sún mọ́ ògiri sí i. Alhaji ní kí wọ́n gbé aṣọ náà jáde kí òun fi ojú rí bọ́tìnnì tó kù. Aṣọ jáde. Wọn ò tíì gé e. Ó ṣì wà nínú bébà tí Alhaji fi wé e wá. Alhaji bá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀. Àfi ìgbà ìrun àti ìgbà oúnjẹ ló ń dìde, títí Bùrọ̀dá fi rán an tán lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, pẹ̀lú bọ́tìnnì.

Láti ọjọ́ yẹn, oníbàárà ò wo ojú Bùrọ̀dá mọ́. Wọ́n á béèrè ọjọ́, wọ́n á yíjú sí ajá. Bí ajá bá jókòó, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ. Bí ajá bá dìde, àwọn náà á jókòó. Awakọ̀ takisí kan tiẹ̀ dá ọkọ̀ dúró ní kóríta Ndokoti, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè, ó na ọrùn jáde, kò kí Bùrọ̀dá, kò kí mi, ajá ló béèrè ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: "Dog, ma trosa don ready?" Bùrọ̀dá gbìyànjú láti máa fi ajá sílẹ̀ nílé. Àwọn oníbàárà bá ní tí ajá ò bá sí, àwọn ò ní kó aṣọ kalẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹlẹ́rìí, ta ló ń bá a dá òwò pọ̀.

Èmi ni mo tú àṣírí náà, ní ọ̀sán kan tí òjò Douala ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ àgbàṣe fún. Kò sí oníbàárà. Bùrọ̀dá lọ ra òwú. Mo gbé téèpù rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń sín in jẹ. Tí Bùrọ̀dá bá fẹ́ parọ́, nǹkan kan wà tó máa ń ṣe láìmọ̀: á di etí téèpù méjèèjì mú, á máa fà á sísàlẹ̀, bí ẹni tó fi okùn so ara rẹ̀ tó tún ń wọ́ ara rẹ̀ lọ sọ́jà. Mo fà á bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ní àtètèkọ́ṣe, Ọlọ́run dá ọ̀run àti ayé." Ajá dìde, ó lọ sábẹ́ tábìlì, ó kọjú sí ògiri. Ẹsẹ̀ Bíbélì ni mo kà, kì í ṣe irọ́. Ó wá yé mi. Ajá ò mọ irọ́. Ọrùn ló ń wò. Ó ti rí i tó pé tí ọwọ́ Bùrọ̀dá bá ti fa nǹkan lọ́rùn, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi lu tábìlì, tí bàtà lè máa fò, kí òun tètè wá ibi sá sí.

Mo pa á mọ́ra. Ta ni yóò da irú àṣírí yẹn nù sílẹ̀?

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí Kíkẹ́lọmọ gbé aṣọ wá. Ọmọ Bàbá Adélàjà ni, díákónì ìjọ wa, ẹni tó ń ta abọ́ tánganran. Douala ni wọ́n bí Kíkẹ́lọmọ sí, ilé oògùn kan ló ti ń ṣiṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ Faransé dé ibi tó ń lọ. Ó béèrè ọjọ́ tí aṣọ òun yóò parí. Bùrọ̀dá ní Sátidé. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan ọrùn. Ajá ò mira. Nígbà tó di Sátidé, aṣọ ti parí, wọ́n tiẹ̀ ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo Ndokoti mọ̀ pé télọ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Kíkẹ́lọmọ náà mọ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó rán aṣọ mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù funfun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀ nílé oògùn.

Bàbá rẹ̀ ni ìṣòro. Bùrọ̀dá ti gba aṣọ kóòtù funfun kan lọ́wọ́ Bàbá Adélàjà rí, èyí tí Bàbá fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọjọ́ Kérésìmesì ló wọ̀ ọ́. Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó wúwo ni pé ọkùnrin kan ti wá fẹ́ ọmọ rẹ̀ àgbà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, tó búra pé òun ò níyàwó nílé. Kò pé ọdún kan tí ìyàwó ilé fi sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, tó gbé odó rù, tó ń béèrè yàrá tó jẹ́ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, Bàbá Adélàjà ò gbàgbọ́ mọ́ pé ọkùnrin kan lè ti ilé wá láìfi ìyàwó sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ṣèwádìí Bùrọ̀dá. Kò sí èsì. Bùrọ̀dá ò níyàwó níbì kankan. Èmi mọ̀, ìyá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí ọkọ ni wá, ta ló sì ń gba ẹ̀rí ẹbí ọkọ? Kíkẹ́lọmọ ti sọ fún Bùrọ̀dá pé òun ò ní sá tẹ̀lé ọkùnrin, òun ò sì ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun bá kọ̀. Tí Bàbá bá ní rárá, ó parí.

Bàbá ní ká wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1972, lẹ́yìn ìsìn. Alhaji Mùktárù ni agbẹnusọ wa, torí òun nìkan ló lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìmu omi. Òun náà ni Bàbá rán níṣẹ́ padà sí wa: "Ẹ sọ fún télọ̀ kó mú ajá rẹ̀ dání. Ẹnu tirẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́."

Bùrọ̀dá ò sùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkàn tèmi balẹ̀. Ènìyàn kì í gbé téèpù kọ́ ọrùn lọ síbi ìtọrọ ìyàwó, kò sì sí ohun tí ajá yóò rí tí yóò fi sá. Àfi pé mi ò jẹ́ kí Bùrọ̀dá mọ bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló tàn mí. Nígbà tí mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀, mo ní kí n bá a ṣeré díẹ̀. Mo ki kọ́là rẹ̀ bọ sítáàsì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó lè gbé orí sókè bí gómìnà tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo fi kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì dá mi lóhùn pé kí n wọlé.

Yàrá ìgbàlejò Bàbá Adélàjà kún. Bàbá wà lórí àga, àwọn ìyá ìjọ wà lápá kan, Alhaji wà ní ìkángun tó jìnnà jù sí ajá. Kíkẹ́lọmọ wà ní kíṣìnì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n tẹ́ ẹní kékeré sáàárín fún Kòkànyín, ó jókòó lé e, ó tẹjú mọ́ Bùrọ̀dá. Alhaji sọ̀rọ̀ títí. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ó béèrè orúkọ Bùrọ̀dá, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ajá jókòó. Ó béèrè ìlú rẹ̀. Ajá jókòó. Ó béèrè bóyá ó ń mutí. Bùrọ̀dá ní òun kì í mu. Ajá yán. Àwọn ìyá ìjọ ń wo ara wọn, inú wọn ń dùn.

Bàbá wá fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Bọ́lárìnwá, ṣé o níyàwó nílé?"

Bùrọ̀dá ní, "Rárá, Bàbá."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ooru mú, òógùn ti dé ọrùn, sítáàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó sì ń yún un bí èsìsì. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Mo fẹ́ wúkọ́, ikọ́ ò jáde. Ó ki ìka méjì bọ inú kọ́là, ó fà á sísàlẹ̀.

Ajá dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí tábìlì tí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé, ó rọra wọ abẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Alhaji, agbẹnusọ wa, gbé àga rẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó kàn ń bá wa wọ ọkọ̀ kan náà. Bàbá Adélàjà ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lórí itan, ó ní kí ẹnì kan bá òun sọ fún Kíkẹ́lọmọ pé kó má wulẹ̀ se ìrẹsì náà mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: téèpù, ọrùn, sítáàsì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tiẹ̀ jẹ́wọ́ Faransé tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Mojí, ṣé ìwọ kọ́ lo wá sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé òyìnbó kan ń bọ̀ wá ra gbogbo abọ́ ṣọ́ọ̀bù mi?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Mo wọ kóòtù. Mo jókòó de òyìnbó yẹn títí ọjà fi tú."

Mo ní mo bẹ̀ yín, sà, eré ni.

"Nítorí náà, o ní ajá ò gbọ́ Faransé. Ó dáa. Yorùbá ni mo fi bi ọkùnrin yìí léèrè."

Àwọn ìyá ìjọ ní òtítọ́ ni, Yorùbá ni. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí òótọ́ jáde lẹ́nu mi kó sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò gbé e. Bùrọ̀dá ò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ajá tó funfun lábẹ́ tábìlì ló ń wò. Ó ní, "Ìwọ náà, Kòkànyín," ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé àga kankan ò gbọ̀n.

Ìgbà náà ni Kíkẹ́lọmọ jáde láti kíṣìnì. Ó mú ọmọrí ìkòkò ìrẹsì lọ́wọ́ kan, ó mú ṣíbí irin lọ́wọ́ kejì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ajá, ó na ọmọrí náà sí etí rẹ̀, ó sì fi ṣíbí lù ú tagbáratagbára.

Tẹ̀sùbáà Alhaji já bọ́. Ìyá ìjọ kan pe orúkọ Jésù, ìkejì sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Adélàjà di apá àga mú. Ajá ò mira. Etí rẹ̀ kan ò gbọ̀n. Ìrù rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ro nǹkan dídùn kan.

Bàbá dìde, ó gba ọmọrí náà, òun fúnra rẹ̀ lù ú. Ajá họ ikùn. Alhaji, tó ti gbàgbé àlùwàlá, tẹ orí ba wọ abẹ́ tábìlì, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ kí i ní "Bonjour," bóyá Yorùbá nìkan ni ajá náà ń bínú sí. Ajá ò dá a lóhùn.

Bùrọ̀dá ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ lálaalẹ́."

Kíkẹ́lọmọ ní, "Ó ń gbọ́ yín. Avec les yeux. Ojú ló fi ń gbọ́."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í ìgbà tó ti mọ̀. Ó ní láti oṣù Kẹjọ ni, lọ́jọ́ tí abọ́ mẹ́fà já bọ́ lọ́wọ́ òun lẹ́yìn ajá náà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí ajá kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá bi í kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ ò bi mí, Bàbá. Ẹ̀yin àti ajá lẹ jọ ń sọ̀rọ̀."

Bàbá Adélàjà fi ọmọrí ìkòkò tọ́ka sí ọrùn Bùrọ̀dá. Ó ní kí Bùrọ̀dá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Bùrọ̀dá bọ́ ọ, ó gbé e sórí tábìlì, kọ́là náà sì dúró ṣánṣán láìsí ọrùn nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wò ó, wọ́n wò mí, mo wo ilẹ̀. Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ Bùrọ̀dá títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Ibi tí mo ti rí irú ìwò yẹn rí, àga ìta ilé wa ni, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ó ní, "Ṣé o níyàwó nílé?"

"Mi ò ní, Bàbá." Ọwọ́ Bùrọ̀dá méjèèjì wà lórí itan. "Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ fi rán Mojí sí mi lóṣù tó kọjá, tí mo ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mi ò tíì gé e."

Kò sí ẹni tó bi í nípa aṣọ. Bàbá ṣì ń wò ó. Nígbà tó ṣe, èjìká Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí a tó mọ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ télọ̀ láyé, òun ò rí èyí tó jẹ́wọ́ aṣọ láìjẹ́ pé wọ́n mú un. Ó da ọmọrí ìkòkò padà fún Kíkẹ́lọmọ, ó ní kó lọ bo ìrẹsì náà kó tó jóná, kí ẹnì kan sì gbé obì wá.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde. Bàbá wọ aṣọ tuntun, èyí tí wọ́n rán tán ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, tí Kíkẹ́lọmọ jókòó ti máṣíìnì títí wọ́n fi rán an tán. Ní Ndokoti, wọ́n ń sọ ọ́ báyìí pé ajá náà ló dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí níwájú pásítọ̀, pé ó sì dáhùn ní èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kúùkù ará Bonanjo tó gbé e wá wà níbi ìgbéyàwó náà, mo sì bi í kí ló dé tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi kó gbogbo ajá lọ tí wọ́n fi èyí nìkan sílẹ̀. Ó ní adití ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.